BÁTÌRÌ LÈ KÚ, GBÈSÈ KÒ NÍ KÚ: Ẹ̀kọ́ lórí Ìtọ́jú Bátìrì Sólà

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí bátìrì sólà, nítorí owó gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iná Band A sì fò di náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀pọ̀ ará Ẹlẹ́yẹlé ló ti yáwó ra sólà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú kí a tó san owó náà tán, bátìrì nìkan ló kú, gbèsè ṣì wà láàyè.

Bátìrì olójé tó ní ásíìdì nínú, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní 1859, ni à ń sọ níhìn-ín. Ìlànà ti lithium yàtọ̀.

KÍ NÍ Ń PA BÁTÌRÌ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ló ń pa bátìrì. Iṣẹ́ kì í pa á tó ebi. Bí a bá ti ń lo iná inú rẹ̀, ohun funfun kan a máa lẹ̀ mọ́ àwo òjé inú rẹ̀. Bí a bá tètè dá iná padà sí i, nǹkan náà á yòrò. Bí a bá fi í sílẹ̀ lébi fún ọjọ́ púpọ̀, á le bí òkúta, iná kò sì ní lè ká a kúrò mọ́. Bátìrì tó ń gbé wa dé òwúrọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa kú ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó ń gba owó lójoojúmọ́ láìdá padà, ṣebí a mọ bí ìwé rẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ akápò.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ọ́

Bátìrì 12 fóòtì tí wọ́n kọ 200Ah sí lára: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Ìdajì rẹ̀ péré, 1,200, ni kí á máa ná. Fáànù 60 wáàtì fún wákàtí 5 jẹ́ 300. Gílóòbù 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 wáàtì, fún wákàtí 5, jẹ́ 250. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtí 4 jẹ́ 320. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 870. Ínfátà náà á jẹ tirẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000. Èyí kò tíì kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún gbé fírísà ẹja lé e lórí lóru, a ti gbé ẹrù ẹṣin lé ewúrẹ́ nìyẹn.

Láti dá 1,000 yìí padà, a nílò bí 1,300. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tó le gan-an ní Ìbàdàn a máa tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ìkùukùu bolẹ̀, ó lè má ju bíi mẹ́ta lọ. Páńẹ́lì 400 wáàtì tó ń bọ́ bátìrì yó ní oṣù kejì lè fi ebi pa á ní oṣù kẹjọ. Nígbà òjò, ẹ dín ìnáwó kù, kí ẹ sì fi iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ kún un bámúbámú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

ÌTỌ́JÚ MÁRÙN-ÚN

1. Ẹ ra mítà kékeré. Bí bátìrì bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 pé ó ku ìdajì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró. Nígbà tí bátìrì olómi bá ń gba iná, kọntirólà gbọ́dọ̀ gbé e dé nǹkan bí 14.4 sí 14.8. Ti gel kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

2. Ẹ máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ń fà láti inú adágún tí wọ́n sé ní 1942, ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Píọ̀wọ́tà náà kì í ṣe omi bátìrì. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀, nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe bu ásíìdì kún un. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ kún kí ẹ tó bu omi sí i, àfi bí omi bá ti fà tí àwo òjé sì ti hàn síta: ẹ kọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

3. Ẹ gbé e síbi tó tutù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe yàrá tí à ń sùn. Bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 10 ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná, nítorí náà kí àbẹ́là àti sìgá jìnnà sí i.

4. Ẹ má ṣe so ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun. Èyí tó ti gbó á fa tuntun lulẹ̀.

5. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò lójú páńẹ́lì láàárọ̀.

BÓ BÁ KÚ ŃKỌ́?

Ẹ má fọ́ ọ nílé, ẹ má sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sódò. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń yọ òjé bátìrì àlòkù láàárín ilé, ọmọdé 18 ni májèlé òjé pa láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Ẹ gbé e odindi padà fún ẹni tó ń ta tuntun. Owó ṣì wà lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí á tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó bátìrì, kí oníkálukú dáhùn mẹ́ta yìí: Wáàtì mélòó ni mò ń ná lóru? Mélòó ni páńẹ́lì mi lè dá padà lóṣù kẹjọ? Ta ni yóò máa yẹ omi rẹ̀ wò? Ẹni tó bá rí èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tí kò bá tíì rí i, kó kọ́kọ́ lọ ṣírò.