Ère Tí Kò Lórí: Bí A Ṣe Lè Yà Á

Ẹ̀yin ará kíláàsì, tẹ́ ẹ bá ń fi báírò ya ère Ẹ̀sìẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orí sí èyí tí kò lórí. Orí tẹ́ ẹ bá yà sí i, tiyín ni, kì í ṣe ti ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Àwọn ère náà lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ ló sì ti kán. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe dá mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́ ní 1945. (Àwọn àgbà ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n.) Òkúta wọn rọ̀, ló jẹ́ kí irun dídì àti ilà ojú wọn hàn kedere. Ẹ fara balẹ̀ ya ìwọ̀nyẹn, àti àpótí tí wọ́n jókòó lé. Ojú ibi tó kán ńkọ́? Ẹ fi ìlà wẹ́wẹ́ kún un, kó ṣú díẹ̀, kó sì rí gbágungbàgun.