Ìpamọ́ Ọtí

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ọtí mímu kọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí, bí kò ṣe ìpamọ́ ọtí.

Nílé wa ní Ọ̀wọ̀, ìyá àgbà á rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ. Bó bá hó, ó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo fi kèrègbè kan pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà ní, “Ọmọ mi, ooru ló ba ọtí rẹ jẹ́.”

Òótọ́ ni. Nínú ooru, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń sọ ọtí di kíkan. Òtútù ni àwọn ará Jámánì fi ṣẹ́gun wọn: bí ọtí bá hó tán, wọ́n á gbé e síbi tó tutù bíi yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwúkàrà á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, ọtí á sì tòrò. Lager ni wọ́n ń pè é. “Ìpamọ́” ni ọ̀rọ̀ náà lédè wọn. Irú rẹ̀ ni Star, tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Èkó ní 1949.

Nítorí náà, bí kò bá sí òtútù, ẹ tètè mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yín. Èmi dábàá “ọtí ìpamọ́” fún lager. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?