Ohun Tó Dúró Ni Àwòrán Ń Rántí: Ẹ̀kọ́ Lórí Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ND

 Nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìdásílẹ̀ ilé ìwé wa, fọ́tò ni a kọ́kọ́ máa ń wá. A óò tú àpótí, a óò gbọn eruku ara álíbọ́ọ̀mù nù, a óò sì máa nàka sí àwọn ojú tí a mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kan nípa fọ́tò yíyà wà nínú ìwé ìròyìn ti ọdún yìí. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán wa ni. Àwa olùkọ́ náà sì rí kọ́ nínú rẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Àdúgbò wa kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ yìí. Ní Kétu níhìn-ín ni olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014, gbé, tí ó sì ti ṣiṣẹ́. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, títí àwọn àwòrán náà fi di ohun tí ayé ń wò ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá wo wọ́n yóò rí i pé dídì kọ̀ọ̀kan dúró ṣinṣin, fọ́nrán irun kan kò mì. Ẹ̀kọ́ tiwa dá lórí òdìkejì èyí: báwo ni a ṣe ń ya ohun tí kì í dúró?

Kámẹ́rà àti kẹ́ẹ̀gì omi

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo ilé ní Ìkòsì mọ̀ ṣàlàyé. Bí a bá gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ohun mẹ́ta ni yóò pinnu bí yóò ṣe kún: bí ẹnu ẹ̀rọ náà ti fẹ̀ tó, bí a ti ṣí i sílẹ̀ pẹ́ tó, àti bí kẹ́ẹ̀gì náà ti tóbi tó. Ìmọ́lẹ̀ ni omi kámẹ́rà. Ihò lẹ́ńsì ni ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn nọ́ńbà bíi f/4, f/8 àti f/16 ni ó ń sọ bí ó ti fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà bá sì ti ń ga ni ihò ń kéré sí i. Àkókò tí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà fi wà ní ṣíṣí ni àkókò tí omi fi ń dà. ISO ni bí kẹ́ẹ̀gì ti tóbi tó: ISO 100 dà bí kẹ́ẹ̀gì ńlá tí kì í tètè kún, ISO 3200 sì dà bí ife kékeré.

Ní ọ̀sán gangan ní Èkó, ìmọ́lẹ̀ ń tú jáde bí omi páìpù tí ó bẹ́. Bí a bá fi kámẹ́rà sí ISO 100, tí a sì sún ihò lẹ́ńsì kì dé f/16, nǹkan bí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá péré ni àwòrán fi ń kún. Dánfó tí ó ń rọra lọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bí ẹni pé a kàn án mọ́lẹ̀. Bí a bá wá jẹ́ kí ìlẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, àwòrán yóò funfun báláú, a kò ní rí ohunkóhun nínú rẹ̀. A lè sún ihò lẹ́ńsì kì sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì kì í kọjá f/22. Bí ihò bá sì ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ a máa tàn ká létí rẹ̀, àwòrán kò sì ní mú mọ́.

Asẹ́ tí kì í ṣojúsàájú

Ibí yìí ni asẹ́ ND ti wúlò. Gíláàsì dúdú kan ni, tí a ń lọ́ mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Ó jọ awò dúdú tí a ń fi sójú nítorí òòrùn, ṣùgbọ́n ó ní ìwà rere kan: kì í ṣojúsàájú. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, iye kan náà ni ó ń gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, bí agbowó orí tí ó jẹ́ olóòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ dín kù, síbẹ̀ àwọ̀ tòmátò ṣì jẹ́ àwọ̀ tòmátò.

Nọ́ńbà tí a kọ sí ara rẹ̀ ní ìtumọ̀. ND2 ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, ND4 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rin kọjá, ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ kọjá. Ìdajì kọ̀ọ̀kan tí a bá gé kúrò ni a ń pè ní ìpele kan. Ẹ wo bí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá wa ṣe ń gùn sí i:

ND8, ìpele 3: ó di nǹkan bí 1/15 ìṣẹ́jú àáyá.
ND64, ìpele 6: ó di ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.
ND1000, ìpele 10: ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8.
ND1000 àti ND8 lórí ara wọn, ìpele 13: ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Bí etí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, yóò ti lóye ìṣirò yìí. Kò sí ọ̀fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ìdajì tí asẹ́ bá gbà, ìlọ́po méjì àkókò ni a óò fi san án.

Bí a ṣe ń lò ó

Èkíní, ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mì. Ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, áḿbọ̀sìbọ́sí ọgbọ̀n.

Èkejì, kí ẹ tó de asẹ́ mọ́ lẹ́ńsì, ẹ to àwòrán yín bí ẹ ti fẹ́ kí ó rí, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì rí ohun tí ẹ fẹ́ yà kedere, kí ẹ sì pa agbára tí ó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti de ND1000 mọ́ ọn, òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yóò máa wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo àkókò tí kámẹ́rà ń béèrè láìsí asẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá fi nọ́ńbà asẹ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí kámẹ́rà yín bá ní ihò tí a ń fi ojú kan wò, ẹ fi nǹkan dúdú bò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa gba ẹ̀yìn wọlé bí olè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi ìka tẹ bọ́tìnì tààrà. Ẹ lo aago inú kámẹ́rà, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó ṣí. Bí àkókò yín bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30, ibi tí a kọ B sí ni ẹ óò yí kámẹ́rà sí, kí ẹ sì fi aago ọwọ́ ka ìyókù.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba inú lẹ́ńsì wo oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé asẹ́ wà níbẹ̀. Asẹ́ ND ń dín ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kù, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ojú kò rí lè kọjá, kí ó sì ba ojú jẹ́ títí láé.

Ẹni tí kò bá ní owó asẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń bo ojú. Àwọ̀ rẹ̀ a máa jọ ti ewé, nítorí náà ẹ sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun, yóò sì dára.

Ohun tí a rí ní Mile 12

Nígbà tí àwọn ọmọ ti mọ ìṣirò náà, a kó wọn jáde. Ní etí ọ̀sà ní Òwòrońṣòkí, omi tí ó ń ru gùdù di pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a lọ̀, òpó Third Mainland Bridge sì dúró nínú rẹ̀ bí ẹni tí ń gbàdúrà. Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó kọjá lórí òpópónà Ìkòròdú ní Kétu, a kùnà pátápátá. Bí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń kọjá ni afárá ń mì, gbogbo àwòrán wa sì rí bákan. A kọ́ ọ níbẹ̀ pé ìdúró kámẹ́rà kì í lágbára ju ilẹ̀ tí a gbé e lé lọ.

Ọjà Mile 12 ni a ti rí ohun tí a kò lè gbàgbé. Onílé kan fún wa láyè láti gun òkè ilé rẹ̀. A de asẹ́ méjèèjì, a ṣí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù láti ilẹ̀ Hausa ń já tòmátò, àwọn alábàárù ń sáré, ọmọlanke ń pariwo, oníbàárà ń yọwó. Nígbà tí àwòrán jáde, ọjà ti dá wáí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tò lọ bẹẹrẹ, agboòrùn dúró, ilẹ̀ mọ́ bí àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata níbẹ̀, kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wá ìyá rẹ̀ nínú àwòrán náà. Ó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó nàka sí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti sí àpótí tí ó ń jókòó lé. Ìyá nìkan ni kò sí. "Wọ́n wà níbẹ̀ o," ni ó wí, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́ sí wọn ni." Òótọ́ ni. Ìyá náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó ń wọn ata, ó ń ka owó. Kò dúró sójú kan pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1838, ní ìlú Paris, Louis Daguerre ya òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Boulevard du Temple láti ojú fèrèsé. Àwo ìyàwòrán ayé ìgbà náà lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi nílò ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Òpópónà náà kún fún ẹṣin àti ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú àwòrán ó ṣófo, àfi ọkùnrin kan tí ó dúró kí a bá òun nu bàtà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí fọ́tò mú. Ẹni tí ń nu bàtà náà, ojìji lásán ni ó kù sí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ìlọ́ra tí kò ṣeé yẹra fún nígbà náà ni asẹ́ ND ń fi tọrọ fún wa lónìí.

Àṣẹ̀yìnwá, a tú asẹ́ kúrò, a sì ya ibì kan náà ní 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyá náà yọ, ó na apá, ata kún ọwọ́ rẹ̀. A lẹ àwòrán méjèèjì mọ́ ara ògiri kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi í ṣe òfin nínú ẹgbẹ́ wa: ẹni tí ó bá fi asẹ́ ya ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ya èkejì láìsí asẹ́. Àkọ́kọ́ ń fi ibi náà hàn, èkejì ń fi ẹni tí ó mú kí ibẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ hàn.

Iṣẹ́ fún agbo ilé

Ẹ̀yin òbí, bí kámẹ́rà bá wà nílé, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò yìí: bí kámẹ́rà bá béèrè 1/60 láìsí asẹ́, mélòó ni yóò béèrè pẹ̀lú ND64, mélòó pẹ̀lú ND1000? Ìdáhùn ni ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀, àti nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya iwájú ilé yín ní ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé àtijọ́, ẹ tún àwọn fọ́tò àtijọ́ wò. Ilé tí ó dúró ni ẹ óò rí, àti àwọn tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí ó ń se oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó lu agogo, ẹni tí ó ń gbálẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá rántí orúkọ wọn, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí.