Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ yọjú sí ọ̀pọ̀ kíláàsì nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ọgbọ́n àgbà nìkan lẹ ó bá níbẹ̀. Olùkọ́ á béèrè ìbéèrè. Kó tó sọ ọ́ tán, ọmọ kan á ti nàwọ́, á dáhùn, olùkọ́ á sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló máa wá bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á sì hó yèè: "Ó yé wa, mà!" Nínú gbogbo ọmọ tó pariwo yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ronú. Àwọn yòókù ń dúró de àtẹ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ilé-ìwé bíi mélòó kan wà lábẹ́ yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ìjọ ló ni wọ́n, ì báà jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí aládàáni. Ẹ fẹ́ kí ọmọ tó bá tọ́dọ̀ yín jáde mọ bí a ti ń ronú, kó lè béèrè ọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ tó le má sì lé e sá. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a sábà máa ń gbé e gbà kò lè débẹ̀. A ó pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan wá láti Èkó, yóò fi odidi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀, a ó pín ìwé ẹ̀rí, a ó jẹ ráìsì, ó parí. Kí oṣù tó yípo, àtẹ́wọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Olùkọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó da nóòtù ti èṣí kọ kí ọ̀gá lè fọwọ́ sí i, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè èrò rẹ̀ rí, ibo ni yóò ti rí ìrònú tí yóò fún ọmọ?

Ìkánjú ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Lọ́dún 1974, olùwádìí obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, gbé iṣẹ́ jáde lórí bí olùkọ́ ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, iye àwọn tó ń dákẹ́ dín kù, àwọn ọmọ sì túbọ̀ ń béèrè ìbéèrè tiwọn. Ìran wa náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ kì í sáré sọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbìyànjú títí yóò fi sú wọn. Nítorí náà, fún sáà kan gbáko, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé yín mú ìlànà kan ṣoṣo lò: kí ẹnikẹ́ni má nàwọ́ títí olùkọ́ yóò fi kà dé ẹẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀, kó tó wá pe ẹni tó bá wù ú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní sáà kejì, ẹ fi "Báwo lo ṣe mọ̀?" rọ́pò "Ṣé ó yé yín?" Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ní kó yọ 27 kúrò nínú 52, tó kọ 35. Bírò pupa á ti fa igi lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní, "Sọ bí o ṣe ṣe é fún mi," ọmọ náà á ní, "7 ò ṣeé yọ kúrò nínú 2, mo bá yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Mo wá yọ 2 kúrò nínú 5, ó ku 3." Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí ronú! Ibi tí ìrònú rẹ̀ ti yà kúrò lọ́nà ti hàn kedere, bí olùkọ́ bá sì wo iṣẹ́ àwọn yòókù, ó lè rí àwọn mìíràn tó gba ọ̀nà kan náà. Igi pupa kò lè sọ ìyẹn fún un láéláé.

Àwọn òbí kan á ní irú ẹ̀kọ́ báyìí á sọ ọmọ di aláfojúdi. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí a kò bí ọmọ wa sílé tí ọmọdé ti ń bá àgbà jiyàn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a kọ́ wọn bí a ti ń béèrè àti bí a ti ń takò pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibẹ̀ yẹn ò tíì yé mi." "Mo gbọ́ ohun tí Bọ́lá sọ, àmọ́ mo rò pé..." Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí olùkọ́ náà máa lò ó nígbà tó bá ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, a ò sì rí i pé wọ́n bú abéèrè tó kúnlẹ̀.

Èdè ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò kàn pàṣẹ: wọ́n kọ ìwé tí wọn yóò lò, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ṣe lò ó. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022; nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Síbẹ̀, èdè tí ọmọ fi ń ronú kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó tì í, kó tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo kíláàsì.

Ó wá ku bí àwọn ìlànà wọ̀nyí yóò ṣe ti ilé-ìwé kan dé èkejì. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Àwọn olùkọ́ ní Japan ní àṣà kan tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún: wọn á jọ jókòó pèsè iṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn yòókù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì, wọn á máa wo àwọn ọmọ, kì í ṣe olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á jọ sọ ohun tí wọ́n rí. Kí àwọn tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ní gbogbo ilé-ìwé yín ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá ilé-ìwé kan sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ iṣẹ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá rí ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lẹ́nu níwájú àwọn ọmọ, tó sì rẹ́rìn-ín, wọn ò ní rò pé ìwé ìwádìí ẹ̀sùn ló ń bọ̀ bí wọ́n bá rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Sí ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má gbé nóòtù wá. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé iṣẹ́ ọmọ kan tó kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà dání, kí ó ti bi ọmọ náà bó ṣe rò ó, kí ó sì sọ ohun tí ọmọ náà sọ fún un.