Ó dè é, àbí ó dẹ̀ ẹ́?

Ọ̀sán Sátidé kan ni, mo ń múra àtilọ sí Ìkọ̀tún, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá wọlé sórí fóònù mi. Àbúrò kan ládùúgbò wa níbí, ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ló kọ ọ́. Ọmọ náà kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe, òun ló sì bá mi pààrọ̀ táyà iwájú. Ohun tó kọ ni pé: "Egbon, mo ti de gbogbo nooti yen o." Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Mo dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ó de nọ́ọ̀tì, kí n máa lọ. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló dẹ nọ́ọ̀tì, ó ṣeé ṣe kí n má tíì dé Ìdímù tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ti ṣíwájú mi lọ.

Àwọn tó jókòó ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ kò ronú kan táyà, ọkọ̀ ò tíì sí nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ṣùgbọ́n àmì kékeré abẹ́ ẹ yẹn ló dá dè àti dẹ̀ sọ́tọ̀ títí dòní. Àmì ohùn kò lè gbà wá níbí, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ló wà lórí méjèèjì, ohùn ọ̀hún a sì tún gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn: a ń wí pé "dè é", ṣùgbọ́n "de nọ́ọ̀tì", "dẹ̀ ẹ́", ṣùgbọ́n "dẹ nọ́ọ̀tì". Dè ló bí ìdè, ohun tí kò jẹ́ kí nǹkan lọ. Dẹ̀ ló bí ìdẹ̀ra, tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún. Ìdẹ̀ra dára fún ara o, kò dára fún táyà.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ jà jù ni pé wọ́n ń lo dẹ̀ àti tú bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Nọ́ọ̀tì tí a dẹ̀ ṣì wà lórí bóòtì rẹ̀, ó kàn ti gbọ̀jẹ̀gẹ́ ni. Èyí tí a tú ti kúrò níbẹ̀, ó ti wà nínú àwo. Ìlànà iṣẹ́ gan-an nìyí, ó wà nínú ọ̀rọ̀. Kí jáàkì tó gbé ọkọ̀ sókè, dẹ̀ wọ́n, nítorí ilẹ̀ ṣì di táyà mú, kò ní bá sípánà yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gòkè, tú wọn. Bó o bá ń dá a padà, fi ọwọ́ yí wọn títí wọn ó fi kan rímù, kó o wá fún wọn díẹ̀díẹ̀. Má lọ yíká bí ẹni ń jó o. Bó o bá ti fún ọ̀kan, fò sí èyí tó kọjú sí i, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Ẹ̀yìn ìgbà tí táyà bá ti padà kan ilẹ̀ lo máa tó wá dè wọ́n.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń dè é tó? "Jẹ́ kó le dáadáa" ni wọ́n máa ń wí. N kò fẹ́ràn le níbí yìí, nítorí le kò ní òpin. Ìlú le bí ojú ẹja, ìdánwò le, ọ̀gá le mọ́ọ̀yàn: kò sí ibi tí ó ti ní òun tó. Fún ni ọ̀rọ̀ tó mọ ìwọ̀n. Bàtà tó bá fún díẹ̀ ṣì ṣeé wọ̀. Ara ẹni ló ń sọ fúnni pé kí a má fún ìgbànú ju báyìí lọ. Bóòtì náà ní irú ara bẹ́ẹ̀. Tí a bá ń dè é, ó ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, wíwá tó ń wá ọ̀nà àtisún padà ló fi ń di rímù mú. Bó bá nà kọjá agbára rẹ̀, kò ní sún padà mọ́, yóò kàn máa dúró dọjọ́ tí yóò já.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti wọn ìfún náà. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota Corolla, irú tòkúnbọ̀ tó kún Ẹgbẹ́da àti Ìgándò, 103 ni wọ́n kọ fún un lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní newton-metre. Kí ni ìyẹn? Mú sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó ìdajì mítà, kó o fi ipá tó dọ́gba pẹ̀lú ẹrù 20 kílò tẹ orí rẹ̀, o ti dé bíi 98. Ṣùgbọ́n wo fọkanáísà tó gun orí sípánà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì: bó bá wọn 70 kílò, ó ti sún mọ́ 343, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àwọn kan ṣì tún ń ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn sí i! Ọjọ́ tí táyà bá jò lójú ọ̀nà LASU lóru, tí o ń fi sípánà inú búùtù jìjàkadì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì náà, wàá mọ̀ pé ohun tí wọ́n dè fún ọ ti di ohun tó há. Há kì í ṣe fún mọ́; ẹja ló ń há sínú àwọ̀n.

Sípánà kan wà tí a ń yí nọ́ńbà sí, tó máa dún "tá!" bó bá ti dé ibẹ̀. Tọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe ohun tó ń wọ̀n lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Èmi a máa pè é ní ipá ìyí, bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá. Àmọ́ kí sípánà yẹn tó dé, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣinṣin ni a ń di nǹkan mú. Pinpin ni a ń ti ilẹ̀kùn. Koko ni nǹkan ń le. Ìdérí tí a ń ṣí kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lè dà jáde, pinpin ló fẹ́, kí ọ́ìlì má jò. 37 péré ni ti Corolla. Ẹni tó bá dè é títí tó fi le koko, ojú ihò ibẹ̀ ni yóò jẹ. Nọ́ọ̀tì táyà ló fẹ́ ṣinṣin.

Kò yẹ kí n máa sọ̀rọ̀ irin ní Ìṣẹ̀rí kí n má dárúkọ Ògún tó ni irin. Olófin Ògúnfúnminíre, ọdẹ tí ìtàn Àwórì sọ pé ó tẹ̀ lé àwo tó léfòó lójú omi títí àwo fi rì, orúkọ rẹ̀ gbé fún dání. Fífúnni ní ire ni fún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí sípánà yọ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí ìka rẹ̀ sì wà láàárín irin méjì, lè sọ pé Ògún fún òun lọ́nà kejì. Lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà.

Ó yẹ kí n ti rántí ìyẹn lọ́jọ́ Sátidé náà. Mo fara balẹ̀, mo fi gbogbo àmì sí i, mo kọ ọ́ padà sí àbúrò mi pé: "Ṣé o fún wọn dáadáa?"

Èsì dé kíá: "Ha, egbon, mo ti fun won o. Won ni awon dupe."

Mo ṣí búùtù, mo mú sípánà.