Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Kọ̀ǹpútà Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Àwòrán?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, owó ẹ̀yáwó kì í ṣe owó ẹ̀bùn. Bí ẹnì kan bá fi í ra kọ̀ǹpútà tí kò lè ṣiṣẹ́, gbèsè ò ní tìtorí rẹ̀ dúró. Àwọn oníduúró rẹ̀ ni yóò bá a jìyà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ máa ya káàdì ìpè àti kàlẹ́ńdà, iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹ̀rọ.

1. Ẹ béèrè ètò tí atẹ̀wé yín ń lò. CorelDRAW ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Ó tún padà sórí Mac ní 2019.

2. RAM dà bí tábìlì iṣẹ́: bó bá kéré, iṣẹ́ á há. Fún Photoshop, 8 GB ló kéré jù, 16 GB ló dára. Mac onírúurú M1, tó jáde ní 2020, kò ṣeé fi RAM kún lẹ́yìn tí a bá ti rà á.

3. Ẹ yan SSD. Ó yára ju háàdì dísìkì lọ.

4. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, yíǹkì ni ti ìwé. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

5. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀. Ti orí tábìlì nílò UPS, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tún ṣe.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ṣé èrè iṣẹ́ náà lóṣù yóò tó san ẹ̀yáwó oṣù? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.