Okùn funfun inú àparò: ṣé aràn ẹyẹ lè ràn wá?

Nígbà tí mo lọ sílé n'Ílá-Ọ̀ràngún, bàbá mi kékeré ti oko ọdẹ dé pẹ̀lú àparò méjì, èmi ni wọ́n sì ní kí n tún wọn ṣe. Bí mo ṣe la àyà ìkejì báyìí, mo rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Màmá àgbà ní kí n kó ẹran náà dànù kíá. Àbúrò mi ní aràn tó ń fọ́ àwọn àgbà lójú létí odò nìyẹn, pé a ti kó o. Bàbá mi kékeré kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré lòun ti ń rí i.

Ibi tí mo ti rí i ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Aràn tí a sábà ń rí nínú adìẹ, bíi Ascaridia galli, inú ìfun ló ń gbé. Èyí ò sí nínú ìfun rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Ìdílé aràn mìíràn nìyẹn, àwọn tí à ń pè ní filaria. Látinú èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá, òwú ló sì túmọ̀ sí.

Ẹyẹ ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ibẹ̀ ni irú kan tó ń jẹ́ Diplotriaena ń gbé. Ẹyin rẹ̀ á gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹyẹ á gbé e mì, á sì yà á jáde. Tata á jẹ ẹyin náà, ẹyẹ mìíràn á jẹ tata. Ó parí! Àparò wo ni kì í jẹ tata?

Àwọn filaria yòókù ò gba ẹnu wọlé. Ọmọ wọn kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé wọn kiri. Patrick Manson ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1877, ní Amoy ní ilẹ̀ Ṣáínà, pé filaria ènìyàn ń dàgbà nínú ẹ̀fọn. Ti ẹyẹ náà ní ẹ̀fọn àti eṣinṣin tirẹ̀, kódà ó ní iná ara: iná ara ẹyẹ ló ń gbé Sarconema eurycerca, tó ń gbé inú ọkàn ẹyẹ swan.

Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń gbé aràn wọn kiri láìṣàìsàn. Ìgbà tí aràn bá ṣìnà wọ ara àlejò ni wàhálà ń dé. Ní Amẹ́ríkà, Chandlerella quiscali ń gbé inú ọpọlọ ẹyẹ grackle, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí kòkòrò gbé e wọ ara àwọn ọmọ emu tí wọ́n ń sìn lóko, wọn ò lè rìn dáadáa mọ́, ọrùn wọn sì wọ́.

Àwa ńkọ́? Jíjẹ ẹran tó jinná kò lè kó o ràn wá. Ṣíṣìnà lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an: lọ́dún 2011 wọ́n kọ̀wé nípa aràn Pelecitus, tó sábà ń gbé lára ẹyẹ, tí wọ́n rí nínú ojú ènìyàn kan ní Brazil.

Èyí tí àbúrò mi ń sọ, Onchocerca volvulus, ara ènìyàn nilé tirẹ̀. Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń yé ẹyin sínú omi tó ń sáré lórí àpáta, irú omi bíi ti Ayíkúnnúgbá l'Ókè-Ìlá, ló ń gbé e. Àparò ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi ìgbà tí Màmá àgbà ní, "Òògùn aràn tí wọ́n ń pín fún wa, mo ti ń lọ̀ ọ́ sínú omi àwọn adìẹ mi. Ṣé kò tó ni?"

Ẹnu yà mí. Mectizan ni wọ́n ń sọ! Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti máa fi í ta wá lọ́rẹ, àwọn tó sì ṣàwárí òògùn inú rẹ̀, Campbell àti Ōmura, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga ẹni kí wọ́n tó ka iye hóró tó tọ́ sí i. Kì í pa ìyá aràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ awọ títí dé ojú ló ń pa. Ìyá yẹn lè lo bí ọdún 10 sí 15 nínú ara, tó ń bímọ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà wá pín in lọ́dọọdún. Ọdún tí Màmá fi tiwọn fún adìẹ, àwọn ọmọ aràn ráyè nìyẹn, tó bá wà lára wọn. Ẹyin àwọn adìẹ yẹn sì rèé, a ti ń dín in jẹ!

Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn gbọ́, pé àwọn á béèrè òògùn adìẹ lọ́wọ́ dókítà ẹran. A yọ àwọn òwú funfun yẹn, a se àparò náà títí ó fi rọ̀. Màmá ò kúkú fọwọ́ kàn án.